Ihò Méjì Lẹ́yìn Kọ̀ǹpútà Ìjọ

Ọjọ́ Sátidé kan wà láyé mi tó kọ̀ tí kò kúrò lọ́kàn mi. Mo ti gbìyànjú láti gbàgbé rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn àna mi ò gbà fún mi. Bí mo bá ti ń rò pé ọ̀rọ̀ náà ti kásẹ̀ nílẹ̀, ẹnì kan á rántí rẹ̀ nídìí oúnjẹ, gbogbo ilé á sì bú sẹ́rìn-ín. Mo wá ní kí n kúkú sọ ọ́ fúnra mi, kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó ni ìtìjú.

Nígbà náà, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà olóṣù mẹ́ta ní Ajángbádì. Oṣù mẹ́ta péré o. Ẹni tó bá rí bí mo ṣe ń rìn ní Okokomaiko lẹ́yìn ìgbà náà á rò pé èmi ni mo dá kọ̀ǹpútà sílẹ̀. Mo fi férémù sí ìwé ẹ̀rí mi, mo gbé e kọ́ síbi tí ojú àlejò á ti kọ́kọ́ bà á. Mo so fúláàṣì mọ́ ọrùn, mo sì ń wọ̀ ọ́ lọ síbi gbogbo, títí kan ibi ìsìnkú. Bẹ́ẹ̀, laptọ́ọ̀pù nìkan ni wọ́n fi kọ́ wa. Kíbọọ̀dù ara rẹ̀ ni a ń tẹ̀, máàsì tí a sì ń lò, ihò pẹlẹbẹ tí gbogbo ayé mọ̀ ló ń wọ̀. Mi ò tíì rí èyí tó ní ihò róbótó rí.

Àkókò yẹn náà ni mò ń fẹ́ Bùsọ́lá. Ó ń gbé pẹ̀lú àwọn òbí rẹ̀ nítòsí Ẹ́síteètì Ìbà. Baba rẹ̀ ni akọ̀wé ìjọ aláṣọ funfun kan ládùúgbò wọn, Bàbá Akọ̀wé ni gbogbo èèyàn sì ń pè wọ́n. Bàbá Akọ̀wé kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti lọ kí wọn, ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n dá mi lóhùn pé, "Ó dáa," tí wọ́n sì padà sídìí ìwé ìròyìn wọn. Mo fẹ́ mú àwọn ẹbí mi wá kí wọn kí ọ̀rọ̀ wa lè lójú, ṣùgbọ́n Bùsọ́lá ní kí n ní sùúrù, pé baba òun ò tíì rí ohun tí wọ́n máa fi mọ irú èèyàn tí mo jẹ́.

Ìkórè ìjọ wọn ló la ọ̀nà. Wọ́n ń kun ọ́fíìsì ìjọ ní ọ̀dà tuntun, wọ́n wá tú gbogbo wáyà kọ̀ǹpútà, wọ́n gbé e jáde. Nígbà tí wọ́n gbé e padà, kò sẹ́ni tó lè so ó pọ̀ mọ́. Inú kọ̀ǹpútà yẹn sì ni ètò ìsìn ìkórè wà, pẹ̀lú orúkọ gbogbo ẹbí tí wọ́n máa pè síwájú pẹpẹ. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni Bàbá Akọ̀wé fi tẹ̀ ẹ́, wọn ò sì ní ẹ̀dà rẹ̀ kankan níbòmíràn. Ó wá di ọ̀la ìkórè, Bùsọ́lá bá sọ fún wọn pé, "Ẹ fọkàn balẹ̀, Dádì. Ẹnjiníà kọ̀ǹpútà lẹni tó máa ń wá kí yín yẹn."

Nígbà tó pè mí, ó ní, "Wáyà lásán ni o. Kó o kàn wá kì wọ́n bọ ihò wọn."

"Ìyẹn nìkan?" mo dá a lóhùn. "Ní kí wọ́n gbé omi tíì kaná fún mi. Kó tó hó, mo ti ṣe tán."

Ẹnu mi yìí, mi ò mọ ohun tí mo fi ṣe é.

Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni mo dé Ìbà, nínú ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí mo lọ̀ títí ó fi ń dán. Ẹ mọ̀ pé bàtà kì í wọ ọgbà ìjọ aláṣọ funfun. Mo bọ́ tèmi sẹ́nu ọ̀nà, ìgbà yẹn ni mo tó rí i pé ìbọ̀sẹ̀ ẹsẹ̀ ọ̀tún mi ti lu, tí àtàǹpàkò mi ń yọjú síta. Mo ká a wọlé bí ìjàpá, mo sì ń rọra tẹlẹ̀ lọ.

Bàbá Akọ̀wé jókòó ní kọ̀rọ̀ ọ́fíìsì pẹ̀lú ìwé ìròyìn. Mo dọ̀bálẹ̀. Wọ́n ní, "Ó dáa." Ìyá Ìjọ náà wà níbẹ̀, ìyẹn màmá àgbàlagbà kan tó ń tọ́jú aṣọ àti ìmọ́tótó ìjọ, tí wọ́n ń bẹ̀rù ju Olùṣọ́-àgùntàn fúnra rẹ̀ lọ. Ìyá Ìjọ gbàdúrà fún ọwọ́ mi méjèèjì, wọ́n sì ká aṣọ funfun tí wọ́n fi bo kọ̀ǹpútà sókè bí ẹni ń ṣí ojú ìyàwó.

Mo wọ abẹ́ tábìlì. Wáyà iná àti ti mọ́nítọ̀ wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, inú mi dùn. Mo wá fa sípíyù, ìyẹn àpótí tí ọpọlọ kọ̀ǹpútà wà nínú rẹ̀, síta díẹ̀ kúrò lábẹ́ tábìlì, mo sì yí i padà kí n lè rí ibi tí kíbọọ̀dù àti máàsì máa wọ̀. Ihò róbótó méjì ni mo bá níbẹ̀, ọ̀kan sún mọ́ èkejì, wọ́n jọra bíi Táíwò àti Kẹ́hìndé. Etí àwọn méjèèjì funfun báláú. Mo gbé orí wáyà kíbọọ̀dù wò, òun náà rí róbótó, àwọn irin tín-ín-rín sì tò sínú rẹ̀. Ohun tó wá yà mí lẹ́nu ni pé orí wáyà náà wọ aṣọ. Aṣọ funfun kékeré kan ni wọ́n rán sí i lọ́rùn, tí wọ́n gé létí dáadáa. Ti máàsì náà wọ tirẹ̀. Mo ní bóyá torí eruku ni. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ á béèrè. Èmi mi orí bí ẹni tó ti rí irú rẹ̀ lọ́nà ẹgbẹ̀rún.

Mo mú wáyà kíbọọ̀dù, mo kì í bọ ihò kan. Kò wọlé. Mo yí i sápá ọ̀tún, mo yí i sápá òsì, mo wá fi àtẹ́lẹwọ́ tì í. Ohun kan dún kẹ́kẹ́ nínú rẹ̀. Nígbà tí mo fà á yọ, irin kan ti sùn sílẹ̀ gbalaja láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó dúró.

"Bùsọ́lá," mo rọra pè é níbi tó dúró sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, "ṣé o ní píìnì irun?"

Ó yọ ọ̀kan lábẹ́ fìlà rẹ̀, ó nà án sí mi lábẹ́ tábìlì. Mo fi píìnì náà gbé irin dìde díẹ̀díẹ̀, ahọ́n mi wà níta bíi ti ọmọ tó ń kọ ABD. Lẹ́yìn ìyẹn ni kíbọọ̀dù wọlé. Mo ki máàsì bọ ihò tó kù, mo jáde, mo gbọn orúnkún mi, mo tan kọ̀ǹpútà.

Ó ké píì. Ọ̀rọ̀ Òyìnbó kan jáde lójú mọ́nítọ̀. Bàbá Akọ̀wé sọ ìwé ìròyìn kalẹ̀, wọ́n wọ awò ojú wọn, wọ́n sì kà á pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Ó ní òun ò rí kíbọọ̀dù," ni wọ́n wí. "Ó ní ká tẹ bọ́tìnnì kan lórí kíbọọ̀dù kí òun lè máa bá iṣẹ́ lọ." Wọ́n yíjú sí mi. "Ẹnjiníà, kíbọọ̀dù wo ni ká tẹ̀?"

"Bó ṣe máa ń ṣe níbẹ̀rẹ̀ nìyẹn, sà," mo dáhùn.

Mo padà sábẹ́ tábìlì kíá. Mo ní ó ní láti jẹ́ pé mo ṣi ihò gbé. Kọ̀ǹpútà ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ni mo yọ méjèèjì, mo pààrọ̀ wọn, mo sì jáde wá tẹ kíbọọ̀dù. Òkú. Mo fa máàsì kiri orí tábìlì, kò sí ohun tó mira lójú mọ́nítọ̀. Mo tún pààrọ̀ wọn. Mo tún pààrọ̀ wọn lẹ́ẹ̀kan sí i. Ihò méjì, wáyà méjì, kò sí ọ̀nà kẹta tí èèyàn lè gbà, mo sì ti gba méjèèjì tán. Òógùn ti gba ẹ̀yìn ṣẹ́ẹ̀tì mi.

Ìgbà náà ni Ìyá Ìjọ gbé ife tíì kan wọlé. "Ọmọ mi, omi ti hó," ni wọ́n wí, ohùn wọn ò ní èébú kankan nínú. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù.

Mo ní mo fẹ́ lọ tọ̀. Ẹ̀yìn táǹkì omi ni mo lọ, mo pe ọ̀gá tó kọ́ mi ní kọ̀ǹpútà ní Ajángbádì. Mo fọwọ́ bo ẹnu, mo ṣàlàyé ihò róbótó méjì fún wọn.

"Há, ti àtijọ́ nìyẹn," ni ọ̀gá wí, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. "Kò le rárá, no wàhálà. Ṣebí wọ́n kùn ún? Elésè àlùkò ni ti kíbọọ̀dù, àwọ̀ ewé ni ti máàsì. Kó o kàn fi àwọ̀ bá àwọ̀ mu."

"Ọ̀gá, funfun ni gbogbo ẹ̀."

"Funfun báwo?"

"Ihò funfun, orí wáyà náà funfun. Ó tiẹ̀ wọ aṣọ."

Ọ̀gá ò rẹ́rìn-ín mọ́. "Ó wọ aṣọ," ni wọ́n tún sọ. "Àbúrò, láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí, mi ò rí funfun rí, mi ò rí aláṣọ rí. Ìyẹn kì í ṣe ohun tí ọmọ aráyé ṣe. Jọ̀ọ́, má sọ fún wọn pé èmi ni mo kọ́ ẹ." Wọ́n gé fóònù.

Ká ní mo lọ́gbọ́n ni, màá wọlé lọ béèrè ẹni tó wọ aṣọ fún wáyà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ọ̀gá sọ gbẹ̀yìn ló dùn létí mi. Kì í ṣe ohun tí ọmọ aráyé ṣe. Mo rí ọ̀nà tí mo lè fi bọ́ nínú ìtìjú pẹ̀lú iyì. Mo padà wọlé, mo fa ojú ro, mo mú ohùn mi wálẹ̀.

"Màmá," mo sọ fún Ìyá Ìjọ, "mi ò fẹ́ sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà yìí ti kọjá ohun tí a lè fi ojú lásán rí."

Èrò mi ni pé wọ́n máa kí mi kú ìnira, kí n sì máa lọ sílé. Ẹ sì wo ibi tí mo ti lọ sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ká ní ṣọ́ọ̀bù agẹrun ni, wọn ì bá kàn yínmú sí mi. Ìjọ aláṣọ funfun ni mo ti sọ ọ́, ní ọ̀la ìkórè, fún Ìyá Ìjọ.

"Mo mọ̀," ni Ìyá Ìjọ wí. "Mo ti rí i lójú àlá láti Ọjọ́rú."

Wọ́n mi agogo. Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, àwọn màmá bíi mẹ́jọ ti wọlé nínú aṣọ àdúrà wọn, wọ́n tan àbẹ́là yí tábìlì ká. Ọ̀kan bi mí pé kí ni orúkọ kọ̀ǹpútà náà, kí wọ́n lè fi gbàdúrà fún un. Mo ní kò ní orúkọ. Ó ní kò burú, wọ́n á máa pè é ní ọmọ Ọlọ́run. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ orin. Èmi náà ń pàtẹ́wọ́, kí ni mo tún fẹ́ ṣe? Àfìgbà tí mo rí Ìyá Ìjọ tó gbé ọpọ́n omi àdúrà ńlá kan wọlé, tó kún dé ẹnu, ni àtẹ́wọ́ kú sí mi lọ́wọ́.

Bàbá Akọ̀wé ká ìwé ìròyìn wọn, wọ́n wò mí. "Ẹnjiníà," ni wọ́n wí, "ṣé omi kì í bà á jẹ́?"

Bí mo bá sọ pé omi ń bà á jẹ́, wọ́n á ní kí n wá sọ ohun tó ń ṣe é, èmi ò sì mọ̀ ọ́n. Bí mo bá dákẹ́, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì Bàbá Akọ̀wé máa bómi lọ, ẹ̀rọ sì wà lórí iná. Mo wo Bùsọ́lá. Kì í ṣe ìbínú ni mo rí lójú rẹ̀, ẹ̀rù ni. Mo mọ̀ pé bí omi yẹn bá kan kọ̀ǹpútà, mi ò tún ní gúnlẹ̀ sí Ìbà mọ́ láyé.

Ìyá Ìjọ gbé ọpọ́n sókè. Mi ò ronú mọ́. Mo fò, mo sì fi gbogbo ara mi bo sípíyù, mo dì í mọ́ra. Gbogbo omi náà dà sí mi lẹ́yìn. Ó tutù. Orin dúró. Mo wà níbẹ̀ ní ìdojúbolẹ̀, ìdí sókè, àtàǹpàkò mi nínú ìbọ̀sẹ̀ tó lu wá ń wo gbogbo ìjọ.

"Ẹ dárí jì mí," mo sọ láti ibi tí mo wà. "Kò sí ẹ̀mí kankan nínú ẹ̀. Èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n ṣe. Mi ò rí irú ihò báyìí rí. Wọ́n ní elésè àlùkò ni ti kíbọọ̀dù, àwọ̀ ewé ni ti máàsì, mi ò sì rí àwọ̀ kankan níbẹ̀."

Ìyá Ìjọ rọra sọ ọpọ́n kalẹ̀, wọ́n sì fìdí ti àga.

"Elésè àlùkò," ni wọ́n wí. "Àwọ̀ Olùṣọ́ nìyẹn."

Gbogbo wa yíjú sí wọn.

"Èmi ni mo wọ aṣọ fún wọn," Ìyá Ìjọ jẹ́wọ́. "Lọ́jọ́ tí wọ́n ń kun ọ́fíìsì, mo rí i pé orí wáyà yẹn pupa rẹ́súrẹ́sú bíi ti àmùrè Olùṣọ́. Nínú ìjọ yìí, Olùṣọ́ nìkan ló ń lo àwọ̀ yẹn. Ẹni tó bá ṣáà ti fẹ́ tẹ ìwé ló wá ń dì í mú. Mo ní kò dáa. Mo rán funfun sí i. Mo tún wò ó pé bí mo bá wọṣọ fún ọ̀kan, èkejì ńkọ́? Mo rán tiẹ̀ náà. Mo wá fi ọ̀dà tó ṣẹ́kù kun ihò wọn." Wọ́n gbójú sókè. "Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé àwọ̀ yẹn ló ń fi mọ ilé ẹ̀."

A bọ́ aṣọ lọ́rùn wáyà méjèèjì. Bùsọ́lá fi èékánná ha ọ̀dà kúrò létí ihò, lóòótọ́ ni elésè àlùkò yọ lábẹ́ ọ̀kan, àwọ̀ ewé lábẹ́ èkejì. Mo ki oníkálukú bọ ilé rẹ̀. Mo tẹ kíbọọ̀dù. Òkú ṣì ni. Ẹ gbà mí gbọ́, ẹkún ló kù tí mo máa sun.

Mo yíjú sí Bàbá Akọ̀wé. "Ẹ jọ̀ọ́, sà," mo ní, "kí ni mo ṣì ń ṣe tí kò tọ́?"

"Pa á," ni wọ́n wí.

"Sà?"

"Pa á ná. Jẹ́ kó sùn, kó o tó tún un tàn. Ti àtijọ́ yìí, ìgbà tó bá ń jí nìkan ló ń ka ará ilé ẹ̀. Ẹni tó bá wọlé lẹ́yìn ìyẹn, àlejò ni lójú ẹ̀."

Mo pa á. Mo tan án. Iná kékeré tàn lórí kíbọọ̀dù, ọfà funfun yọ lójú mọ́nítọ̀, ó sì ń bá ọwọ́ mi lọ síbi tí mo bá fà á sí. Àwọn màmá tún gbé orin mìíràn, èyí tó dùn ju ti àkọ́kọ́ lọ.

"Dádì," ni Bùsọ́lá wí, "ẹ mọ̀ ọ́n látàárọ̀?"

"Iléeṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mo ti fẹ̀yìn tì. Orúnkún ni kò jẹ́ kí n wọ abẹ́ tábìlì. Ti aṣọ yẹn nìkan ni mi ò mọ̀."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ?"

"Kò bi mí." Wọ́n yíjú sí mi, omi ṣì ń kán lára mi sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Láti aago mẹ́sàn-án ni mo ti jókòó síbí, mo ní kí n wo ìgbà tó máa béèrè." Ni wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí eyín wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi bọ́ awò ojú wọn nu, wọ́n wá ní, "Ó dáa." Mo rò pé ó parí síbẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n fi kún un: "Ṣé baba ẹ wà láyé? Sátidé tó ń bọ̀, kí wọ́n wá kí mi."

Ètò ìsìn jáde kó tó di ọ̀sán, orúkọ gbogbo ẹbí pé níbẹ̀. Ìyá Ìjọ tún aṣọ méjèèjì rán padà sọ́rùn wáyà, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí wọ́n fi òwú dúdú kọ K sára ọ̀kan, M sára èkejì.

Abéèrè kì í ṣìnà, àwọn àgbà ti sọ bẹ́ẹ̀ tipẹ́, ṣùgbọ́n ó dìgbà tí mo fẹ̀yìn gba omi kó tó yé mi. Látìgbà yẹn, ohun tí mi ò bá mọ̀, mo máa ń sọ pé mi ò mọ̀ ọ́n. Mo ti ní ṣọ́ọ̀bù tèmi ní Okokomaiko báyìí, èmi àti Bùsọ́lá la jọ ń jókòó síbẹ̀. Oṣù tó kọjá, ọkùnrin kan gbé kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan wá láti Ìjànikin, ihò gbọọrọ kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tí mi ò mọ ohun tí wọ́n ń fi ṣe. Mo ní, "Ọ̀gá, mi ò mọ èyí. Ẹ jẹ́ kí n béèrè lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n."

Ó wò mí tìyanu-tìyanu. "Mo rò pé ẹnjiníà ni yín," ló wí. Ó kó ẹrù rẹ̀, ó sọdá sí ṣọ́ọ̀bù òdìkejì, níbi tí ọ̀dọ́kùnrin kan ti gbé ìwé ẹ̀rí inú férémù kọ́ sójú ọ̀nà. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ibi tí mo wà: "Kí ẹ tó jókòó, sà, mo ti ṣe tán."

Ọjọ́ kejì ni ọkùnrin náà tún yọ sí wa, wáyà lọ́wọ́. Mo gba orí rẹ̀ wò, irin mẹ́ta ti sùn sílẹ̀ gbalaja. Kí n tó lanu, ìyàwó mi ti fa píìnì kan yọ nínú irun rẹ̀, ó nà án sí mi lábẹ́ tábìlì. Àwa méjèèjì sorí kọ́, kí oníbàárà má baà rí i pé ẹ̀rín ń pa wá.